Ìyàwó Ilé, Àlejò Ìlú

Ohun tó kọ́kọ́ yà mí lẹ́nu nígbà tí mo dé Kétu ni pé wọn ò gbọ́ Yorùbá mi. Èmi rò pé ilé ni mo wá. Ọmọ ilẹ̀ Ìjùmú ni mí, ní ìpínlẹ̀ Kogí, níbi tí àwa tá à ń sọ Yorùbá ti kéré láàárín àwọn ẹ̀yà yòókù. Láti kékeré ni wọ́n ti máa ń sọ fún wa pé àwọn ará wa pọ̀ bí eéṣú ní Èkó, ní Ìbàdàn, ní Abẹ́òkúta, pé ọjọ́ tá a bá dé ọ̀dọ̀ wọn, a ò ní jẹ́ àlejò mọ́. Nílé ìwé ní Lọ́kọ́jà, tí wọ́n bá fẹ́ bú mi, "Yorùbá" ni wọ́n máa ń pè mí. Kì í dùn mí. Mo máa ń rò ó lọ́kàn pé, ẹ máa wò mí, mo máa lọ bá àwọn èèyàn mi.

Ọjọ́ kejì tí mo dé ọ̀dọ̀ Àǹtí mi ní Ìkòsí, mo jáde láàárọ̀, mo bá Ìyá onílé tí wọ́n ń gbálẹ̀ iwájú ṣọ́ọ̀bù wọn. Mo kúnlẹ̀, mo kí wọn bí a ṣe ń kíni nílé, mo ní, "Okun o, ìyá." Wọ́n wò mí tòkè tilẹ̀, wọ́n wá yíjú sí Àǹtí mi.

"Ìyá Ṣọlá, ta lèyí? Ṣé Tápà ni?"

Àǹtí mi rẹ́rìn-ín. "Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ni, mà. Lọ́yà ni."

"Ẹn-ẹ́n. Lọ́yà ará Òkè Ọya." Wọ́n sì ń bá ilẹ̀ tí wọ́n ń gbá lọ.

Wọn ò sọ ọ́ láti fi bú mi. Lẹ́yìn náà, Ìyá onílé fẹ́ràn mi gan-an, àwọn náà ló kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń ná ọjà ní Mile 12. Ṣùgbọ́n láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, mo padà sínú yàrá, mo dúró níwájú dígí, mo ń fi "Ẹ káàárọ̀, mà" kọ́ ẹnu mi bí ẹni tó ń kọ́ èdè òyìnbó.

Ìdánìkanwà wà nínú ìlú tó kún, ó sì le ju ti inú igbó lọ. Tẹ́ẹ bá ń gbé ní Ìkòsí, ẹ ò lè má gbọ́ ariwo ọkọ̀ tòmátò tó ń wọlé láti òkè, ẹ ò sì lè má gbóòórùn èyí tó ti rà lábẹ́ oòrùn. Mo máa ń wo àwọn Hausa tó ń já apẹ̀rẹ̀ lórí ọkọ̀, mo máa ń gbọ́ èdè wọn, torí pé a máa ń gbọ́ ọ díẹ̀díẹ̀ nílé. Ìgbà mìíràn ó máa ń ṣe mí bíi pé kí n lọ bá wọn sọ̀rọ̀, kí n ṣáà lè rí ẹni tí á gbọ́ ohùn mi láì rẹ́rìn-ín.

Ní Sátidé, mo máa ń lọ sí ilé tí wọ́n ti ń ta ìpè ní ẹ̀bá títì, màá pe fóònù ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, Búọ̀dá Táyọ̀, kó gbé e fún ìyá wa.

"Ṣé wọ́n ń gbọ́ ohùn rẹ níbẹ̀?" ni Ìyá máa ń bi mí.

"Wọ́n ń gbọ́ ọ, Ìyá."

Nígbà tó di bí ọdún kejì, Ìyá ní lórí fóònù, "Ohùn rẹ ti yí padà. O ti ń sọ̀rọ̀ bí àwọn inú rédíò." Inú mi dùn nígbà tí wọ́n sọ bẹ́ẹ̀. Ó pẹ́ kí n tó mọ̀ pé inú tiwọn ò dùn.

Ilé iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ kan tí mi ò ní dárúkọ ló gbà mí síṣẹ́, ní ẹ̀ka àwọn lọ́yà. Iṣẹ́ wa ni ká máa gba ìjọba nímọ̀ràn lórí òfin, ká kọ ìwé àdéhùn, ká sì dúró fún ìjọba ní kóòtù. Àwa obìnrin méjì péré ló wà láàárín àwọn ọkùnrin, èkejì mi sì bá ọkọ rẹ̀ lọ sí Àbújá kí ọdún tó yí po. Nínú yàrá ìpàdé, wọ́n fi àwòrán gbogbo àwọn tó ti jẹ olùdarí ẹ̀ka wa kọ́ sára ògiri. Tí ìpàdé bá gùn, àwọn ni mo máa ń wò. Kò sí obìnrin kan láàárín wọn. Kò sí ẹni tó ti inú àwọn ẹ̀yà kéékèèké wá. Ìpínlẹ̀ mélòó kan náà ló ń gba ipò náà lọ́wọ́ ara wọn bí ọmọ ilé kan náà ṣe ń pín ogún.

Ọ̀gá wa àkọ́kọ́ kì í ṣe èèyàn burúkú. Ọdún kẹta tí mo débẹ̀, wọ́n gbé fáìlì kan fún mi. Dírẹ́bà ọ́fíìsì wa kan kú, ìyàwó rẹ̀ àtàwọn ọmọ ṣì ń gbé nínú ilé ìjọba ní Gbàgádà, wọ́n sì fẹ́ lé wọn jáde lọ́sẹ̀ yẹn kí ẹlòmíràn lè kó wọlé. Wọ́n ní kí n kọ ìwé tí á fi hàn pé òfin gbà wá láyè. Mo ka òfin náà fún ọjọ́ mẹ́ta. Mo kọ ọ́ pé kò gbà wá láyè, pé obìnrin náà ní ẹ̀tọ́ láti wà níbẹ̀ fún ọdún kan gbáko.

Ọ̀gá kà á, wọ́n bọ́ awò ojú wọn. "Wọ́n rán ẹ níṣẹ́ ẹrú, o fi tọmọ jẹ́ ẹ," ni wọ́n wí. Wọ́n ní kí akọ̀wé tún un tẹ̀, kó yọ orúkọ mi kúrò, wọ́n wá fọwọ́ ara wọn sí i. "Tó bá jẹ́ orúkọ tìẹ ló wà níbẹ̀, wọn ò ní kà á. Ṣé ó yé ẹ?"

Mo ní ó yé mi.

Ó ṣe díẹ̀, mo rí obìnrin yẹn ní Mile 12. Ata ló ń tà. Mo ti rí fọ́tò rẹ̀ nínú fáìlì, mo sì dá a mọ̀ kíá. Bí mo ṣe ń ṣa ata rodo, ó ń sọ fún oníbàárà kan bí Ọlọ́run ṣe lo ọ̀gá ọkùnrin kan fún òun, tí kò mọ òun rí, tó kọ̀ pé wọn ò ní lé àwọn ọmọ òrukàn síta. Ó ní kò sí ìrun òwúrọ̀ kan tí òun kì í fi orúkọ ọkùnrin yẹn sí. Ó bu èènì fún mi. Mo gbé ata mi, mo rìn délé, inú mi sì ń dùn ní gbogbo ọ̀nà. Mo ka ọjọ́ yẹn mọ́ àwọn ọjọ́ tí mo ṣẹ́gun. Wọn ò pọ̀.

Múfú ni mo fẹ́. Tíṣà ni, ó ń kọ́ àwọn ọmọ ní jọ́gíráfì ní ilé ìwé kan ní Kétu, èèyàn jẹ́jẹ́ ni. Ẹbí rẹ̀ wà lára àwọn tó ni ilẹ̀ ní Ìkòsí kí ìlú tó fẹ̀ dé ibẹ̀. Mùsùlùmí ni wọ́n, Kìrìsìtẹ́nì ni èmi, kò sẹ́ni tó bá wa jà sí i. "Ìyàwó wa lọ́yà" ni wọ́n ń pè mí. Tí ìwé kan bá kó ìdààmú bá wọn, ọ̀dọ̀ mi ni wọ́n máa ń gbé e wá. Ẹjọ́ ilẹ̀ wọn méjì ni mo bá wọn kọ ìwé rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Mo gbà pé mo ti dé ilé.

Kò pẹ́ lẹ́yìn ìgbéyàwó ni Mísíìsì Bánkólé, tó ń tọ́jú àkọsílẹ̀ àwọn òṣìṣẹ́, pè mí. "Ìyàwó Èkó ni yín báyìí. Obìnrin tó bá ti lọ́kọ, ìpínlẹ̀ ọkọ rẹ̀ ni tiẹ̀. Ẹ yí tiyín padà kó má baà fa wàhálà lọ́la." Ó na fọ́ọ̀mù sí mi. Mo fa igi lé Kogí, mo kọ Èkó. Kò ju ìṣẹ́jú kan lọ. Mo tiẹ̀ rẹ́rìn-ín sí i.

Ọdún ń gorí ọdún. Mo bí Sìmí, ọmọ kan ṣoṣo tí Ọlọ́run fún wa. Mo lọ sí kóòtù, mo borí, mo pàdánù, mo tún borí. Àwọn tí mo kọ́ níṣẹ́ ń gòkè, èmi náà ń gòkè, ṣùgbọ́n tiwọn máa ń yá. Nígbà tí ọ̀gá wa tó jẹ kẹ́yìn fẹ̀yìn tì, èmi ló kàn. Kò sí ẹni tó lè jiyàn rẹ̀. Wọ́n fún mi ní lẹ́tà pé kí n ṣe adelé olùdarí fún oṣù mẹ́ta. Oṣù mẹ́ta náà di ọdún kan àti oṣù mẹ́rin. Mo jókòó lórí àga yẹn, mo fọwọ́ sí ìwé, orúkọ mi gan-an ló wà lábẹ́ rẹ̀. Ní àkókò yẹn, mo máa ń tètè dé ibi iṣẹ́ ju ẹni tó ń ṣílẹ̀kùn lọ.

Nígbà tó wá kan kí wọ́n fi ẹnì kan jẹ ẹ́ ní tòótọ́, wọ́n ní oyè náà ti ìpínlẹ̀ Èkó ni lọ́tẹ̀ yìí. Mo ní kò burú, Èkó ló wà nínú ìwé mi. Wọ́n ní kí n lọ mú ìwé ìbílẹ̀ tó fi hàn pé ọmọ Èkó ni mí wá, kí olórí ẹbí fọwọ́ sí i, kí kánsù sì lù ú lóǹtẹ̀.

Bàbá Sàká ni olórí ẹbí ọkọ mi. Èmi àti Múfú lọ bá wọn nílé wọn lẹ́yìn ìrun Jímọ́ọ̀. Wọ́n ní kí wọ́n fún mi ní mínírà, wọ́n gba ìwé náà, wọ́n gbé e súnmọ́ ojú, wọ́n wá fi lélẹ̀ lórí àga.

"Ìyàwó wa, a ò bá ọ jà. O bímọ fún wa, o gbèjà wa ní kóòtù. Ṣùgbọ́n ìwé yìí, ìwé ọmọ ni. Tí mo bá fọwọ́ sí i, mo ti sọ pé ilé yìí la bí ọ sí nìyẹn. Lọ́la, ẹlòmíràn á tún mú ìyàwó tiẹ̀ wá."

"Bàbá, ó ti lé lógún ọdún tí mo ti wà nínú ẹbí yìí."

"Mo mọ̀. Ìyá tó bí mi, ọgọ́ta ọdún ni wọ́n lò nínú ilé yìí. Nígbà tí à ń pín ilẹ̀, ẹnì kankan ò pe orúkọ wọn."

"Ṣé ìyẹn wá dára, Bàbá?"

Wọ́n wò mí pẹ̀lú àánú. "Mi ò sọ pé ó dára. Bá a ṣe bá a nìyẹn."

Mo wo ọkọ mi. Ó ń wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Nígbà tá a jáde, mo ní, "O ò sọ nǹkan kan." Ó ní, "Kí ni mo fẹ́ sọ fún Bàbá?" Kò sí ìjà nínú ohùn rẹ̀. A jọ rìn délé, a ò tún bára wa sọ̀rọ̀ lórí ẹ̀.

Mo pe Búọ̀dá Táyọ̀. Ó ti di ọ̀gá ní kánsù wa nílé nígbà náà. Mo ní bóyá Kogí lè gbà mí padà, kí wọ́n kọ lẹ́tà fún mi, kí n lè dúró de ìgbà tó bá kan ìpínlẹ̀ wa.

Ẹ̀gbọ́n mi mí kanlẹ̀. "Àbúrò, kò sí orúkọ rẹ níbí mọ́. Ìwọ fúnra rẹ lo fagi lé e. Ìgbà tó bá sì kan Kogí, ṣé àwa Ìjùmú ló máa kàn? O mọ bá a ṣe pọ̀ tó. Tó bá tiẹ̀ kàn wá, ọkùnrin ni wọ́n á ní ká mú wá, wọ́n á ní obìnrin á tún gbé e lọ fún ọkọ."

Ìyá gba fóònù lọ́wọ́ rẹ̀. Wọ́n ti darúgbó, etí wọn ò gbọ́ dáadáa mọ́. "Máa bọ̀ wálé," ni wọ́n wí.

"Ìyá, wọ́n ní mi ò ní ilé níbẹ̀."

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?"

"Ìwé ló sọ bẹ́ẹ̀."

Mo ń gbọ́ tí wọ́n ń mí. Nígbà tó yá, wọ́n ní, "Ṣé o ti jẹun?"

Mo ti ronú sí ọ̀rọ̀ yìí títí. Èmi rò pé ibi tí èèyàn bá ti lo ara rẹ̀ ni yóò di tiẹ̀, pé iṣẹ́ máa ń sọ èèyàn di ọmọ. Irọ́ ni. Obìnrin tó bá fi ilé bàbá rẹ̀ sílẹ̀, wọ́n á pa ilẹ̀kùn ní ẹ̀yìn rẹ̀, ilẹ̀kùn tó sì ń lọ bá, ìdajì ni wọ́n á ṣí i. Ó lè gbálẹ̀ níbẹ̀, ó lè bímọ níbẹ̀, ó lè gba ẹjọ́ wọn rò. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá ń ka orúkọ, yóò jókòó síbẹ̀, yóò máa gbọ́ orúkọ àwọn ẹlòmíràn. Mo mọ òfin. Mo mọ ibi tí òfin ti sọ pé a ò gbọdọ̀ ṣe bẹ́ẹ̀ sí ẹnikẹ́ni, mo sì lè ka ibẹ̀ lórí. Àwọn tó ṣe é sí mi náà lè kà á lórí. Lọ́yà ni gbogbo wọn.

Mo kọ ìwé ẹ̀hónú méjì. Àkọ́kọ́, wọ́n ní wọ́n ti rí i gbà. Èkejì, wọn ò fèsì.

Dèjì, ọmọ Èkó, ni wọ́n fi jẹ olùdarí. Èmi ni mo kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń kọ ìwé kóòtù, èmi ni mo kọ́kọ́ mú un lọ síwájú adájọ́. Ọjọ́ tí lẹ́tà rẹ̀ jáde, ó wọlé wá bá mi, ó dúró bí ọmọ ilé ìwé.

"Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Èmi kọ́ ni mo wá a."

"Mo mọ̀, Dèjì. Jókòó."

"Ẹ jẹ́ kí n dúró, mà."

Mo kó ẹrù mi kúrò lórí tábìlì sínú páálí níṣojú rẹ̀. Ó bá mi gbé páálí náà dé yàrá mi àtijọ́. Kó tó di ọ̀sẹ̀ kejì, àwòrán rẹ̀ ti wà lára ògiri, ó tẹ̀ lé ti ọ̀gá tó fẹ̀yìn tì. Ọdún kan àti oṣù mẹ́rin tèmi ò ní àyè lórí ògiri yẹn. Adelé kì í ní àwòrán.

Oṣù díẹ̀ lẹ́yìn náà, ó tún wá bá mi. Wọ́n fẹ́ ṣe ayẹyẹ ọjọ́ àwọn obìnrin, wọ́n sì ti ní kí òun wá sọ̀rọ̀ lórí bí àwọn obìnrin àti ẹ̀yà kéékèèké ṣe lè dé ipò gíga nínú iṣẹ́ òfin ìjọba. "Mọ́mì, mo mọ̀ pé kò yẹ kí n bẹ̀ yín. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó lè kọ ọ́ bíi yín."

Òótọ́ ló sọ. Mo kọ ọ́. Mo fi gbogbo ohun tí mo mọ̀ sínú rẹ̀, mo sì kọ ọ́ dáadáa, torí pé mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń kọ nǹkan láìdáa.

Ní ọjọ́ náà, gbọ̀ngàn kún. Dèjì ka ìwé náà pẹ̀lú ohùn tó dùn. Ọmọbìnrin lọ́yà kan tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà síṣẹ́ jókòó tì mí, ọmọ ẹ̀yà Ègùn láti Bàdágìrì. Nígbà tí Dèjì dé ibi tó ti sọ pé ilẹ̀kùn ti ṣí báyìí fún ẹnikẹ́ni tó bá tẹpá mọ́ṣẹ́, ọmọ náà fi ẹnu sétí mi.

"Mà, ṣé òótọ́ ni?"

Gbólóhùn yẹn kì í ṣe tèmi, Dèjì ló fi í kún un fúnra rẹ̀. Gbogbo èèyàn dìde.

"Kọ́kọ́ pàtẹ́wọ́," ni mo sọ fún un.

Ó ku ọdún méjì kí n fẹ̀yìn tì. Mo ń lọ síbi iṣẹ́, mo ń bọ̀. Àwọn ọmọ tuntun ń gbé fáìlì wá fún mi, mò ń bá wọn tún un ṣe, wọ́n ń gbé e lọ fún Dèjì, ó ń fọwọ́ sí i. Ìyá kú lọ́dún tó kọjá. Ní ibi ìsìnkú, mo kí àwọn èèyàn pẹ̀lú "Okun o", àwọn ọmọdé ibẹ̀ ń fi mí rẹ́rìn-ín, wọ́n ní ará Èkó ń gbìyànjú.

Sìmí náà ti di lọ́yà. Èmi kọ́ ni mo ní kó ṣe iṣẹ́ yẹn, ó ní òun fẹ́ ẹ ni. Lọ́sàn-án ọjọ́ Sọ́ńdè kan, a jọ ń bó ẹ̀gúsí nínú kíṣìnì, bàbá rẹ̀ wà ní pálọ̀, ó ń wo bọ́ọ̀lù lórí tẹlifíṣọ̀n. Sìmí ní òun ti gba fọ́ọ̀mù iṣẹ́ lọ́yà ìjọba. Ó tún ní ọ̀rẹ́kùnrin òun, Ìmẹ́, ọmọ Ìbìbíò tó ń gbé ní Ìṣẹ́rí Olówóòra, fẹ́ mú àwọn òbí rẹ̀ wá mọ̀ wá.

Mo mọ Ìmẹ́. Ó ti wá sílé wa lọ́pọ̀ ìgbà. Ó ti bá wa tún jẹnẹrétọ̀ ṣe rí, ó sì máa ń dọ̀bálẹ̀ kí wa, tó jẹ́ pé àwọn ọmọ ìyá ọkọ mi pàápàá ò ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́. Kò sí ohun tí mo lè sọ pé ó ṣe. Àmọ́ ẹnu mi là, mo gbọ́ ohùn mi tó ń sọ pé:

"Fi ọ̀kan sílẹ̀ nínú méjèèjì."

Sìmí rò pé mò ń ṣàwàdà. "Mọ́mì, báwo?"

"Ọmọ Èkó ni ẹ́ báyìí. Bàbá rẹ ló fún ẹ. Ọjọ́ tí o bá fẹ́ Ìmẹ́, wọ́n á ní ìyàwó Akwa Ibom ni ẹ́. Àwọn ará Akwa Ibom á ní àwọn ò bí ẹ. Tí o bá fẹ́ ọmọ yẹn, má ṣiṣẹ́ ìjọba. Tí o bá fẹ́ ṣiṣẹ́ ìjọba, wá ọmọ Èkó fẹ́."

Ó gbé ẹ̀gúsí ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Kò bínú, ìyẹn ló dùn mí jù. Ó kàn ń wò mí bí ẹni tó ń wo ìyá tí kò mọ̀ rí.

"Ṣé ohun tẹ́ ẹ fẹ́ sọ fún mi nìyẹn?"

"Ohun tí mo mọ̀ nìyẹn."

Ó wá bi mí jẹ́jẹ́ pé, "Mọ́mì, ká ní ẹ mọ̀ nígbà yẹn, ṣé ẹ ò bá fẹ́ Dádì?"

Mo la ẹnu. Ní pálọ̀, mo gbọ́ tí Múfú dín ohùn tẹlifíṣọ̀n kù. Kò wọlé wá, kò pe ẹnikẹ́ni. Ó kàn dín ohùn rẹ̀ kù, ó ń dúró.

Mo tún tẹ orí ba, mo ń bó ẹ̀gúsí lọ. Sìmí ò tún béèrè. Ó pẹ́ díẹ̀ kí ọkọ mi tó gbé ohùn tẹlifíṣọ̀n rẹ̀ sókè padà.